Iṣẹ́ Tí Janelle Kò Jẹ́

Delfina Archuleta ti sọ̀kalẹ̀ lórí òṣùwọ̀n, ó ti wọ aṣọ rẹ̀ padà, ó sì ti mu omi díẹ̀ nínú ìgò ọwọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò kúrò nínú gbọ̀ngán hòtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti ń wọn àwọn oníjà. Ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó tẹjú mọ́ ilẹ̀kùn bí ológbò tó rí ihò eku.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká máa lọ,” ni Isidro àbúrò rẹ̀ wí. “Pọ́n-ùn márùndínláàádóje gẹ́lẹ́ lẹ wọ̀n. Ẹ ti ṣe tiyín. Màmá ti gbé pósólè dé yàrá, wọ́n ní bí ó bá tutù, àwọn ò ní gbé e kaná mọ́.”

“Kó tutù.”

“Ẹ ò tíì fẹnu kan oúnjẹ láti àárọ̀ àná.”

“Isidro, ọdún méjì ni mo fi dúró de òní. Ṣé ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló wá fẹ́ pọ̀ jù?”

Isidro káwọ́ mọ́ àyà. Òun ló ń kọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ìjà láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò lábẹ́ Kóòṣì Tafoya, òun ló ń jókòó sí igun rẹ̀ nínú àgò irin tí wọ́n ti ń jà, ó sì mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ kì í wọ̀ ọ́ létí. Lójú fèrèsé hòtẹ́ẹ̀lì náà, àwọn bàlúùnù ńláńlá tí wọ́n máa ń fò lójú ọ̀run Albuquerque nínú oṣù Ọ̀wàrà ti ń bà lé ẹ̀bá odò lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó wò wọ́n.

Ilẹ̀kùn ṣí. Kóòṣì Tafoya ló kọ́kọ́ wọlé, fìlà rẹ̀ tó ti ṣá wà lórí rẹ̀ bí ó ti máa ń wà láti ogún ọdún. Janelle Maes, ẹni tí Delfina máa bá jà lọ́la, tẹ̀lé e, ó wọ aṣọ òtútù mẹ́ta léra wọn, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ètè rẹ̀ ti bó. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti wọnú. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ yìí yóò rò pé aláìsàn ni wọ́n ń mú lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ẹni tó mọ̀ ọ́n mọ̀ pé ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n ti ń fi òùngbẹ àti ìwẹ̀ omi gbígbóná fún omi jáde lára rẹ̀, kí ó lè fúyẹ́ fún ìṣẹ́jú kan péré lórí òṣùwọ̀n, kí ó tó tún mu gbogbo rẹ̀ padà kí ilẹ̀ ọjọ́ ìjà tó mọ́.

Obìnrin aláṣẹ ìjà tó wà nídìí òṣùwọ̀n, arúgbó kan tó fi okùn so gíláàsì ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn, ti irin kékeré síwájú, ó tún ti í sẹ́yìn. Ó mi orí.

“Ó lé.”

“Ẹ fi aṣọ ìnura bò ó,” Tafoya wí. “Á bọ́ gbogbo rẹ̀.”

Àwọn obìnrin méjì na aṣọ ìnura yí Janelle ká. Ó bọ́ ohun gbogbo tó wà lára rẹ̀, títí kan yẹtí, ó tún gun òṣùwọ̀n.

“Ó ṣì lé. Ìlàjì pọ́n-ùn,” arúgbó náà wí. “Ìjà bẹ́líìtì olúborí ni, a ò lè fojú fo ohunkóhun. Ẹ ní wákàtí kan.”

Ìlàjì pọ́n-ùn. Kì í ṣe pọ́n-ùn kan, kì í ṣe ìdá mẹ́rin. Iye kan náà gẹ́lẹ́ tí Delfina náà fi lé nígbà kan ni, bí ẹni pé áńgẹ́lì kan ló ti bá a wọ̀n ọ́n sílẹ̀ láti òkè ọ̀run. Ayọ̀ kan tí kò dára gba inú rẹ̀ kọjá. Ó mọ̀ pé kò dára, kò sì lé e lọ.

Nígbà tí Tafoya ń mú ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ padà síta, ẹ̀gbẹ́ Delfina ni wọ́n gbà kọjá.

“Fina,” Tafoya wí, “ṣé o ò nílé tó o máa lọ ni?”

“Mo ń wo iṣẹ́ ọwọ́ yín ni, Kóòṣì. Ẹ ṣì mọ èèyàn í sè.”

“Omi gbígbóná yẹn ló sọ ẹ́ dèèyàn.”

“Òun náà ló gbé mi dé ilé ìwòsàn.”

Janelle kò gbé orí sókè. “Ẹ jẹ́ kí ìyá àgbà máa sọ̀rọ̀, Kóòṣì,” ó wí, ohùn rẹ̀ há. “Lọ́la, ẹnu yẹn máa dákẹ́.”

“Kọ́kọ́ rí ọ̀la ná, ọmọ mi,” Delfina dá a lóhùn. Ó wá yíjú sí Isidro. “Ó yá. Ebi ti ń pa mí.”

*

Màmá Eufemia wà ní yàrá, ó ti so ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà mọ́ ọwọ́ òsì, ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún ro pósólè nínú ìkòkò tó gbé wá láti ilé. Òórùn àgbàdo bíbọ̀, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti ata pupa ti gba gbogbo yàrá. Nígbà tó rí ọmọ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kì í gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ tí wọ́n bá wọ̀n ọ́n.

“Fina, ọmọ Archuleta etí odò. Ọmọ ìyá tó fọ aṣọ ilé ìwòsàn títí ìka fi bó. Ajẹ̀ṣẹ́-bí-ẹni-jẹ-tọ́tíyà. Aṣubú-má-sùn-sílẹ̀. Wọ́n ní ó ti tán, ó dìde, ó gba bẹ́líìtì lọ́wọ́ wọn.”

“Ó lé, Màmá,” Delfina wí kí ó tó jókòó.

Oríkì dúró. “Ta ló lé?”

“Janelle.”

“Mélòó ló fi lé?”

“Ìlàjì pọ́n-ùn.”

Màmá gbé síbí ìbùbẹ̀ sílẹ̀. Ó fi ọwọ́ sàmì àgbélébùú níwájú orí àti àyà. “Ìlàjì gan-an?”

“Ìlàjì gẹ́lẹ́.”

“Ọlọ́run mi, o ò gbàgbé mi,” Màmá wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ó sì bu pósólè kún àwo fún ọmọ rẹ̀.

Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ní hòtẹ́ẹ̀lì mìíràn ní Las Vegas, Delfina ló wà nínú ọpọ́n ìwẹ̀. Ó fẹ́ bá Petra Lindqvist jà, ẹni tó ni bẹ́líìtì nígbà náà. Ọdún mọ́kànlá ló ti lò lábẹ́ Tafoya. Ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn ló ti ń bọ̀ lálaalẹ́, yóò wá sí gáréèjì Tafoya, yóò kọ́ ẹ̀ṣẹ́, ìtapá àti ìjàkadì títí ara rẹ̀ yóò fi kọ̀. Ìjà méjìdínlógún ló jà kí wọ́n tó pè é sí ìjà bẹ́líìtì. Ní ọjọ́ tí wọ́n wọ̀n ọ́n, ìlàjì pọ́n-ùn ló fi lé. Tafoya gbé e padà sínú omi gbígbóná tí wọ́n da iyọ̀ sí, ó bo aṣọ ìnura mọ́ ọn lórí, ó sì ń ka ìṣẹ́jú.

Janelle ló ń da omi gbígbóná kún un. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni nígbà náà. Delfina ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di ẹ̀ṣẹ́, ilé Màmá ló ti ń jẹun alẹ́ lọ́jọ́ Sátidé, ó tiẹ̀ ní àwo tirẹ̀ níbẹ̀. Òun náà ló ń di fóònù Tafoya mú lọ́jọ́ yẹn, nítorí ọwọ́ Tafoya wà nínú omi. Òun náà ni arọ́pò: ó ti wọn ara rẹ̀ láàárọ̀, ó ti bá ìwọ̀n mu, kí ó lè wọlé bí ohunkóhun bá ṣe ọ̀kan nínú àwọn méjì tó fẹ́ jà.

Ohun sì ṣe ọ̀kan. Delfina dákú nínú omi, ó fi àgbọ̀n gbá etí ọpọ́n. Isidro ló gbé e jáde. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló lò nílé ìwòsàn, kíndìnrín rẹ̀ fẹ́ẹ̀ kọṣẹ́, oṣù mẹ́rìnlá ni kò fi lè jà. Lọ́jọ́ kejì tó dákú, Janelle wọ inú àgò irin dípò rẹ̀, ó lu Petra ní abala kejì, ó sì so bẹ́líìtì mọ́dìí. Kò wá kí Delfina. Òdòdó ló fi ránṣẹ́.

Kò pé ọdún kan tí ọmọ ilẹ̀ Brazil kan fi gba bẹ́líìtì náà lọ́wọ́ Janelle. Delfina àti Isidro ya ilé tí wọ́n ti ń ta táyà tẹ́lẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹní ìjàkadì síbẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ó padà, ó gba bẹ́líìtì lọ́wọ́ ọmọ Brazil, ó fi jà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò sí ẹni tó rí i gbà. Ní ọdún méjì àkọ́kọ́, ara rẹ̀ ló ń bá wí. Ó rò pé ara òun ló já òun kulẹ̀.

Àfìgbà tó lọ sí Denver lọ́dún méjì sẹ́yìn láti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ kan níjà, tó sì bá Ọ̀gbẹ́ni Haugen pàdé, ẹni tó jẹ́ kóòṣì Petra nígbà náà. Wọ́n jọ ń mu kọfí.

“Ìgbéraga ẹ fẹ́ẹ̀ pa ẹ́ lọ́jọ́ yẹn,” Haugen wí.

“Ìgbéraga wo?”

“A ránṣẹ́ sí ẹ. Petra ní òun gbà, kó o jáde nínú omi, òun á bá ẹ jà pẹ̀lú ìlàjì pọ́n-ùn yẹn. Èmi ni mo pe fóònù Tafoya. Ọmọbìnrin kan ló gbé e. Ó ní, ‘Ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ó ní òun á bá ìwọ̀n mu.’”

Delfina kò mu kọfí náà tán. Kò sọ fún oníròyìn kankan, kò pe Janelle, kò pe Tafoya. Ìyá rẹ̀ àti Isidro nìkan ló sọ fún. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà sínú bí ẹni gbé ọ̀bẹ sábẹ́ ìrọ̀rí, ó sì dúró. Janelle ń jà bọ̀ láti ìsàlẹ̀, ó ń lù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń bú Delfina lórí tẹlifíṣọ̀n pé ìyá àgbà ni, títí wọ́n fi ní òun ló kàn. Delfina ti ja ìjà náà nínú ọkàn rẹ̀ níye ìgbà. Abala kẹta ló máa ń parí. Ó máa ń jẹ́ kí ó pẹ́.

*

Wọ́n kan ilẹ̀kùn. Ọ̀gbẹ́ni Landry ni, ẹni tó máa ń yan ẹni tí yóò bá ẹni jà fún agbátẹrù ìjà náà. Ó bọ́ fìlà fún Màmá, ó kọ oúnjẹ tí Màmá fi lọ̀ ọ́, ó dúró sí ẹnu ọ̀nà.

“Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe rí fún yín,” ó wí. “Bí ó bá bá ìwọ̀n mu kí wákàtí tó pé, ìjà bẹ́líìtì ni. Bí kò bá bá a mu, mo ní ọmọ Kánádà kan nílẹ̀ tó ti wọn ara rẹ̀, òun ló máa bá yín jà. Ọ̀nà kẹta ni pé kí ẹ gbà á bó ṣe wà. Ẹ ó jọ jà, àmọ́ bó tiẹ̀ lù yín, kò ní gba bẹ́líìtì.”

“Ṣé wọ́n ní kẹ́ ẹ wá bẹ̀ mí ni?”

“Tafoya kì í bẹ èèyàn, ẹ̀yin náà mọ̀. Èmi ni mò ń bi yín.”

“Ìṣẹ́jú mélòó ló kù?”

“Ogójì.”

“Màá pè yín.”

Nígbà tí ilẹ̀kùn tì, Màmá kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

“Jẹ́ kó jinná,” ó wí.

“Màmá,” Isidro wí.

“Má pè mí ní Màmá. Mo sùn sórí àga nílé ìwòsàn yẹn fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Mo ń wo àpò ìtọ̀ ọmọ mi, ó pọ́n bíi tíì. Oúnjẹ mi ló wà níkùn ọmọ yẹn nígbà tó purọ́ sórí fóònù. Mo gbàdúrà sí Ọlọ́run kó mú un wá sínú omi kan náà, ó sì mú un wá. Ṣé kí n wá sọ fún Ọlọ́run pé mo kàn ń ṣeré ni?”

“Ẹ̀yin lẹ wo àpò ìtọ̀. Èmi ni mo gbé wọn jáde nínú omi,” Isidro wí. Kò pariwo. “Ẹ ò mọ bí wọ́n ṣe fúyẹ́ tó. Ojú wọn là sílẹ̀, wọn ò rí mi. Mi ò fẹ́ kí ẹlòmíì gbé ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé yìí, ì báà jẹ́ Janelle.”

“Ta ló káàánú mi nígbà yẹn?” Delfina bi í.

“Èmi.”

Delfina mu ọbẹ̀ pósólè díẹ̀, ó gbé àwo sílẹ̀.

“Ẹ gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi,” Isidro wí. “Ẹ fi ti àánú sílẹ̀. Bó bá rí ìlàjì pọ́n-ùn yẹn yọ kúrò, kí lẹ máa bá jà lọ́la? Òkú tó ń rìn. Ẹ máa lù ú, ọmọ ọdún mẹ́wàá á lù ú. Gbogbo Albuquerque á ní omi gbígbóná ló lù ú, Fina kàn wá gbé òkú ni. Òun gan-an á máa wí bẹ́ẹ̀ títí yóò fi darúgbó. Ṣé ohun tẹ́ ẹ fi ọdún méjì dúró dè nìyẹn?”

“O ti gbọ́n jù fún ọmọ tó pẹ́ kó tó rìn,” Màmá wí fún un.

Delfina dìde, ó wọ ilé ìwẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Ó fẹ́ bu omi sójú. Kó tó ṣí ẹ̀rọ omi, ó gbọ́ ohun kan nínú ògiri. Omi ni, ó ń ya kọjá nínú páìpù láti yàrá òkè. Ó dúró. Omi náà dáwọ́ dúró. Ìṣẹ́jú kan, bóyá méjì, ó tún ya, fún ìgbà díẹ̀, ó tún dúró.

Ó mọ orin yẹn. Omi ọpọ́n ti ń tutù, ẹnì kan ń da gbígbóná kún un. Ẹnì kan ń ka ìṣẹ́jú. Ẹnì kan jókòó síbẹ̀, aṣọ ìnura lórí rẹ̀, ó ń ronú pé bí òun bá lè dé iye báyìí, òun á lè dé iye báyìí. Ẹ̀yìn Delfina, níbi tí kíndìnrín wà, bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó bí ó ti máa ń ro ó nígbà òtútù. Ó fọwọ́ lé e. Ó dúró síbẹ̀ títí omi fi ya nígbà kẹta.

Nígbà tó jáde, ojú rẹ̀ gbẹ, kò bomi sí i rárá. Ó gbé fóònù, ó pe Landry.

“Mo gbà,” ó wí.

“Ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí n pe fóònù Tafoya báyìí.”

Ọwọ́ Delfina dúró sí etí rẹ̀. Ó wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ wò ó.

“Ẹ má pè é,” ó wí. “Yàrá wọn ló wà lókè orí mi yìí, àbí? Màá jẹ́ iṣẹ́ ara mi.”

Ó mú ìgò omi méjì tí iyọ̀ àti ṣúgà wà nínú wọn, èyí tí Isidro pò fún un, ó gba àtẹ̀gùn gòkè.

*

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin tó na aṣọ ìnura nísàlẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Nígbà tó rí Delfina, ó fẹ́ tì í padà, ṣùgbọ́n Delfina ti fi ẹsẹ̀ há a. Ó rìn kọjá lára rẹ̀. Ooru ilé ìwẹ̀ náà gbá a lójú. Tafoya kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọ́n, ó ká ọwọ́ aṣọ sókè, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì pupa dé ìgúnpá.

“Jáde,” Tafoya wí. “Má wá fi ojú burúkú wò ó.”

“Kóòṣì, ẹ sún.”

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì ká aṣọ ìnura kúrò lórí Janelle. Ojú ọmọ náà ti kó wọnú. Ó pẹ́ kí ó tó mọ ẹni tó ń wò.

“Àǹtí Fina,” ó wí. Ọdún mẹ́rin rèé tó ti pè é bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn. “Ẹ wá wò mí.”

“Mo wá jíṣẹ́ ni. Mo gbà láti bá ẹ jà pẹ̀lú ìlàjì pọ́n-ùn yẹn. Jáde nínú omi.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?” Tafoya bi í. “Landry ò pè mí.”

“Èmi ni mo ní kó má pè. Iṣẹ́ tí wọ́n bá fi rán fóònù yín kì í dé, Kóòṣì.”

“Kí nìyẹn?”

“Ẹ bi ọmọ yín.”

Janelle di ojú. Omi ń kán tó, tó, láti ẹnu ẹ̀rọ.

“Haugen sọ fún mi ní Denver,” Delfina wí. Janelle ló ń bá sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. “‘Ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ó ní òun á bá ìwọ̀n mu.’ Bó o ṣe wí nìyẹn, àbí mo ṣì í sọ?”

“Ẹ ò ṣì í sọ.”

“Haugen pe ta?” Tafoya bi wọ́n. “Nígbà wo?”

Janelle la ojú, ó ń wo omi tó wà láàárín orúnkún rẹ̀.

“Mo di fóònù yẹn mú dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwẹ̀,” ó wí. Ọ̀rọ̀ ń jáde lẹ́nu rẹ̀ lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. “Mo fẹ́ sọ ọ́. Mo gbọ́ tí Kóòṣì ń kà á fún yín, ó ní ìṣẹ́jú mẹ́rin ló kù. Mo ní kí n jẹ́ kó parí ná. Mo ti wọn ara mi láàárọ̀, Àǹtí. Mo ti wà nínú aṣọ ìjà mi lábẹ́ aṣọ òtútù. Mo kàn ń rò ó pé bó bá rẹ̀ yín díẹ̀ sí i.”

“Kó rẹ̀ mí díẹ̀ sí i.”

“Díẹ̀ péré. Isidro wá kígbe.”

Ojú rẹ̀ ń sunkún, ẹnu rẹ̀ ń sunkún, ṣùgbọ́n omijé kankan kò jáde. Kò sí omi lára rẹ̀ tí yóò fi sunkún.

Tafoya ti jókòó sórí ìdérí àga ìgbọ̀nsẹ̀. Ó ṣí fìlà, ohun tí Delfina kò rí rí nínú ọdún mọ́kànlá. Orí rẹ̀ ti pá.

“Ọdún mẹ́rin,” ó wí. “Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń jí láàárọ̀ tí mò ń sọ fún ara mi pé èmi ni mo fẹ́ẹ̀ pa ọmọ yìí.”

Delfina wò ó. Kò ronú kan èyí. Nínú gbogbo ìjà tó ti jà lọ́kàn, ó máa ń rí ojú Janelle, kò rí ojú ọkùnrin yìí rí. Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn. Ó dùn, díẹ̀.

“Ẹ̀yin náà ni, Kóòṣì,” ó wí. “Ẹ̀yin lẹ̀ ń ka ìṣẹ́jú.”

Ó ṣí ìgò omi kan. Ó fi ọwọ́ gbá ẹ̀yìn ọrùn Janelle mú, ó gbé e sókè, ó fi ẹnu ìgò sí i lẹ́nu.

“Díẹ̀díẹ̀. Má gbé e mì kíákíá, inú ẹ á dà á padà. Fi ṣan ẹnu. Ó dáa. Òmíràn.”

Bó ṣe kọ́ ọ nìyẹn nígbà tí Janelle jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, tó fẹ́ ja ìjà rẹ̀ àkọ́kọ́. Ọwọ́ rẹ̀ rántí kí òun fúnra rẹ̀ tó rántí. Ó fi ọwọ́ náà síbẹ̀ títí ìgò fi dé ìdajì, ó wá mú un kúrò.

“Ẹ ò bá ti fi mí sílẹ̀,” Janelle wí.

“Mo rò ó.”

“Kí ló wá dé?”

“Mi ò fẹ́ kí omi gbígbóná bá mi gbẹ̀san. Ọwọ́ ara mi ni mo fẹ́ fi gbà á.” Ó gbé ìgò kejì lé etí ọpọ́n. “Mu gbogbo ẹ̀. Jẹun. Sùn. Lọ́la, gbé gbogbo agbára tó o ní wá, gbogbo ẹ̀ pátá. Bí mo bá lù ẹ́ tán, mi ò fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni pé òùngbẹ ló lù ẹ́.”

Janelle tẹ orí wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. “Mo ti gbọ́, Àǹtí.”

Delfina dìde, orúnkún rẹ̀ dún. Tafoya kò kúrò níbi tó jókòó sí. Ó ń yí fìlà ọwọ́ rẹ̀ kiri bí ẹni tó ń wá etí rẹ̀.

“Fina,” ó wí.

“Ẹ ti ẹ̀rọ omi yẹn pa, Kóòṣì. Ó ṣì ń kán.”

*

Màmá kò bi í léèrè títí ó fi jókòó. Isidro ti dìde, ó sì ń wò ó.

“Ṣé ó wà láàyè?” Màmá wá bi í.

“Ó wà láàyè.”

“Ṣé ó jẹ́wọ́?”

“Ó jẹ́wọ́. Níwájú Tafoya.”

Màmá mí kanlẹ̀. Ó ń yí ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà lọ́wọ́, kò gbàdúrà. Lójú fèrèsé, wọ́n ń ká bàlúùnù tó gbẹ̀yìn nílẹ̀, àwọn èèyàn kéékèèké ń tẹ ẹ̀fúùfù jáde nínú rẹ̀.

“Màmá,” Delfina wí, “ṣé pósólè tó kù pọ̀?”

“Ó pọ̀. Kí ló dé?”

“Ẹ bu ti Janelle fún un. Isidro á gbé e lọ.”

Màmá fa àpò tó fi kó àwo wá, ó yọ ọ̀kan. “Kì í jẹ ata pupa,” ó wí, ohùn rẹ̀ le bí ẹni tó ń bá ìkòkò jà. “Àtilẹ̀wá ni kì í jẹ ẹ́. Màá ní láti bu ọbẹ̀ orí rẹ̀ kúrò.”

Ó bù ú kúrò. Ó fi síbí ìbùbẹ̀ wá ìsàlẹ̀ ìkòkò, ó rí egungun kan tí ẹran pọ̀ lára rẹ̀, ó gbé e sínú àwo. Ó wo àwo náà. Ó tún wá inú ìkòkò, ó fi ẹran kan sí i, ó sì gbé àkàrà pẹlẹbẹ tọ́tíyà méjì lé e lórí.

“Dúró tì í kó jẹ ẹ́ tán,” ó wí fún Isidro. “Gbogbo ẹ̀. Mi ò fẹ́ kó rí àwáwí kankan wí lọ́la.”

Isidro gbé àwo náà jáde, ó rọra ń rìn kó má baà dànù. Delfina fa àwo tirẹ̀ mọ́ra. Pósólè náà ti tutù pátápátá. Ó jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì jẹ ẹ́ tán.